Àmì Aláwọ̀ Ewé Kan Ṣoṣo Níhà Tiwa

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì, èmi ni mo kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni mo sì sọ. Mo ní, "Mà, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀." Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti ojú sánmà ni. Ó fẹ̀ tó ẹní ìkírun, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde ni, ó ṣì ń gbóná lọ́wọ́. Ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá láti ọ̀tún dé òsì. Lókè ìlà yẹn, àmì wínníwínní aláwọ̀ ewé kún ibẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ lásán, àwọ̀ èèpo ẹ̀pà. Ààlà àwa àti àwọn ará Nìjẹ̀ tó ń sọ Faransé ni ìlà náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ló fà á sórí àwòrán. Igi ló fà á. Igi wà lápá kan, kò sí lápá kejì, ibi tí igi sì ti dáwọ́ dúró ni ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Èmi wá rò ó nínú ara mi pé, báwo? Àwa tí a ní epo rọ̀bì, tí a ní yunifásítì, tó jẹ́ pé ọmọ Nìjẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri àdúgbò wa, àwa náà la gbọ́dọ̀ ni apá tó tutù.

Ọ̀gá wa wò mí. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, kì í pariwo, bó bá sì fẹ́ bá ènìyàn wí, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. Ó fi ìka kan ibi tí wọ́n kọ Kánò sí nísàlẹ̀ àwòrán náà. Ó ní, "Kánò rèé o. Ṣé Kánò náà ló dojú délẹ̀?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n gbá létí níwájú àna. Ká ní ìtìjú mi mọ síbi ọjọ́ yẹn ni, ǹ bá máa fi ṣe àwàdà fún yín ni.

Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Sabon Gari ni ọ́fíìsì wa wà, kò jìnnà sí ọjà. Níwájú, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló gòkè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan kó tó débẹ̀, tí ènìyàn bá sì dúró níbi tó ti yí po yẹn, yóò rí ìsàlẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò ní rí i àfi tó bá dìídì gbójú sókè. Nísàlẹ̀ yẹn ni mai gadi wa, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, máa ń jókòó sí pẹ̀lú búútà rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì wà lókè, tó ní àkàbà irin tó sọ̀ kalẹ̀, tó gba ilé ìdáná ìyá olóúnjẹ kan kọjá, tó sì já sí ìlà àwọn aláṣọ nínú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ̀gùn àti ilẹ̀kùn yẹn sọ́kàn. Mo ṣì ń padà síbẹ̀.

Kánò ni wọ́n bí mi sí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, ará Ọ̀fà, Railway Quarters la gbé dàgbà. Ẹ̀yìn ilé wa níbẹ̀, bàbá mi ní ilẹ̀ kékeré kan tó fi ń gbin àgbàdo àti ilá, bí ẹ bá sì rí bó ṣe máa ń tọ́jú ilẹ̀ yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ kí gómìnà jókòó sí i ni. Ní gbogbo Sátidé ni yóò kó wa jáde pẹ̀lú ọkọ́. Kò sí kùkùté tí kò ní hú. Bí dóńgóyárò kan bá yọ èéhù bí ìka ọwọ́ báyìí, yóò ní kí a wú u tìdí-tìdí. Ìyá mi a ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ìbòòji." Bàbá mi a ní, "Igi ò bá àgbàdo tan. Oko tí igi bá wà láàárín rẹ̀, oko ọ̀lẹ ni." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára débi pé mo mọ̀ ọ́n lórí ju ìwé Sáàmù lọ. Bàbá mi kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ilẹ̀ tó tutù ni wọ́n ti kọ́ ọ, níbi tó jẹ́ pé bí o bá fi igbó sílẹ̀ lónìí, yóò wọlé bá ọ lọ́la. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ilẹ̀ Kánò kì í ṣe ilẹ̀ Ọ̀fà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún èmi náà. Àbí kí n kúkú sọ òótọ́: ẹnì kan padà sọ fún mi, n kò gbọ́ ni.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí rọrùn láti ṣàlàyé. Sátẹ́láìtì lè rí àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò lè mọ ohun tí àwọ̀ ewé náà jẹ́. Bóyá igbó ni, bóyá oko ni, bóyá ilẹ̀ tí olóko ti fi sílẹ̀ lọ ni, tí koríko ti gbà. Nítorí náà wọ́n a fi àmì sí àwọn ibi kan lórí àwòrán, a ó gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀, a ó fi ojú ara wa rí i, a ó wá mú fọ́ọ̀mù, a ó fa ìlà sí ọ̀kan nínú àpótí mẹ́ta: oko, igbó, ahoro. Bó bá jẹ́ ahoro, fífa ìlà ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oko tó ní igi, háà, ibẹ̀ ni wàhálà wà. O gbọ́dọ̀ fi okùn wọn ilẹ̀ náà, kí o ri òpó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o ka igi ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o fi téèpù wọn ìdí rẹ̀, kí o sì béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ olóko. Nínú oòrùn ilẹ̀ Hausa! Ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ fún wa kí a tó lọ. Ó ní àwọn kan ń bọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin igi sí etí bodè láti dá iyanrìn dúró, ilẹ̀ tí a bá kọ pé ó jẹ́ ahoro ni wọn yóò gbà. "Torí náà ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín o," bó ṣe wí nìyẹn. "Ilé ẹlòmíì ni ẹ fẹ́ fi bírò fọwọ́ kàn."

Mo gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́.

Àmì kan sì wà lórí àwòrán yẹn tó ń jẹ ọ̀gá wa lọ́kàn. Níhà tiwa, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ furufuru, ojú kan ṣoṣo wà tó jẹ́ àwọ̀ ewé, kékeré, bí ẹni lẹ aṣọ tuntun mọ́ ara àkísà. Ó fi bírò yí i po. Ó ní, "Èyí ni kí o bá mi wò dáadáa. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀ níbòmíì?" Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ti ra fìlà olétí fífẹ̀ nígbà yẹn, mo ti ra bàtà tó ga dé kókósẹ̀, mo fi ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà kọ́ ọrùn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi ò ní àkísà kankan, fìlà nìkan ni mo ní.

Dírẹ́bà tó gbé mi lọ, ọmọ Tarauni ní Kánò níbí ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Malam ni mo máa ń pè é, òun sì ń pè mí ní Oga Ƙarami, ọ̀gá kékeré, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin la fi wà lọ́nà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí ọyẹ́ ti lọ tí ooru sì ti dé. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ru igi ìdáná ń pàdé wa lójú ọ̀nà, wọ́n dojú kọ Kánò, wọ́n ru ú dé òkè bí ẹní fẹ́ ṣubú. Níbi tí a bá dé, ilẹ̀ mọ́ lóló. Wọ́n ti gbálẹ̀ oko, wọ́n ti hú kùkùté, kò sí ohun tí ojú lè gbé lé. Èmi sì ń yọ̀ o! Mo ń sọ fún Malam pé bàbá mi ìbá fẹ́ràn àwọn àgbẹ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbé ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà lójú wa, tó ń dà á sí wa lójú, tí mo ń fi omi inú ìgò bọ́jú.

Ọjọ́ kẹrin ni a dé ibi tí ọ̀gá fi bírò yí po. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí, nítorí kò sí níbẹ̀ mọ́. Igi gawo ńláńlá wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wọ́ ewé nígbà òjò tó sì máa ń rúwé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni tí kò gbọ́ àṣẹ ìjọba. Kalgo wà, tí àwa ń pè ní àbàfẹ̀. Igi kúkà méjì wà, ìyẹn igi oṣè. Àwọn igi kéékèèké sì pọ̀ káàkiri láì tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iyanrìn kò gbá mi lójú. Mo tún rí ìdí pòròpórò ọkà láàárín àwọn igi náà, tí wọ́n ṣẹ́ nígbà ìkórè. Mo rí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oko ni, ìdí pòròpórò yẹn tó.

Bàbá àgbàlagbà kan dìde lábẹ́ gawo, ó wá pàdé wa. Ó tínínrín, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ti fìlà funfun kan dé iwájú orí. Mo kí i ní Hausa bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, mo tẹ̀ wọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó béèrè ìlú mi, mo ní Kánò, ó ní rárá, Kánò tòótọ́ kọ́ nìyí, ahọ́n rẹ ni ti Bayarabe, ọmọ Yorùbá. A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé fura oníwàrà wá fún wa, a sì mu ún nínú igbá, ó tutù dé ìkùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn oko rẹ̀ fún mi. Ó ní láti òdìkejì bodè ni òun ti fẹ́yàwó, nígbà tí òun lọ kí àwọn àna òun ni òun rí i pé wọn kì í hú kùkùté lóko wọn. Wọn a yan èéhù tó dára lára rẹ̀, wọn a gé èyí tó kù, wọn a sì roko yí i ká. Ewé a já sílẹ̀, a di ajílẹ̀. Màlúù a sinmi sábẹ́ rẹ̀, a fi ìgbẹ́ sílẹ̀. Iyanrìn a sì jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun kò gbin igi kan níbẹ̀, òun kàn dẹ́kun pípa wọ́n ni. Ó ní àwọn ará abúlé òun fi òun ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn.

Mo ní, "Baba, ẹ má bínú o. Nílé wa, oko tí igi bá wà láàárín rẹ̀, oko ọ̀lẹ là ń pè é."

Mo fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín débi tó fi wúkọ́. Ó ní, "Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ yìí ló ń jẹun." Nígbà náà ni ojú rẹ̀ wá yí padà. Ó wo fọ́ọ̀mù tó wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó ní olórí abúlé ti sọ fún wọn pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá dá. Ó ní, "Bayarabe, mi ò ní ìwé kankan. Bàbá mi ló dá oko yìí, bàbá tirẹ̀ ló dá a ṣáájú. Ìwé tí ìwọ bá kọ lónìí, òun ni ìwé mi. Kọ ọ́ pé gona ni. Kọ ọ́ pé oko ni."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Baba."

Ó ní, "Kai ne shaidata." Ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Ó wá lọ bu ewé kúkà lílọ̀ díẹ̀, ó wé e sínú ọ̀rá, ó ní kí n gbé e fún ìyàwó mi kó fi se ọbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo dìde, mo wo ilẹ̀ náà lọ, mo wò ó bọ̀. Mo fojú ka igi, mo ka ogún, mo ka ọgbọ̀n, ó rẹ̀ mí. Kí n tó fi okùn wọn èyí, kí n tó ri òpó, kí n tó wọn ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ yóò ṣú, a ó sì tún sun ibòmíì. Ara mi ń wá Kánò. Ohùn bàbá mi sì ń bẹ lẹ́tí mi tó ń gbè mí lẹ́yìn pé kí ló tilẹ̀ ń jẹ́ oko nínú èyí. Mo dágbére fún bàbá náà, mo wọ ọkọ̀, mo ní kí Malam tan ẹ̀rọ amúlétutù. Nínú òtútù yẹn, lórí itan mi, mo fa ìlà sí ahoro.

Malam rí mi. Kò lè ka gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àpótí mẹ́ta yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ló ti ń wò mí. Ó ní, "Oga Ƙarami, oko ni bàbá yẹn ní kí o kọ." Mo ní, "Malam, wa ọkọ̀ rẹ." Ó wa ọkọ̀ rẹ̀. Kò sì pè mí ní Oga Ƙarami mọ́ títí a fi dé Kánò, ńṣe ló ń pè mí ní sir.

Nílé, ìyàwó mi fi kúkà náà se ọbẹ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ ará Ìlọrin, ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, òun ò tíì jẹ lúrú, ìyẹn ọbẹ̀ kúkà, tó dára tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó fún mi, mo ní àgbẹ̀ kan ni, mo bá a ṣe nǹkan. Mo jẹ ẹ́ dáadáa. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n bù sí i.

Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọ̀gá wa wo fọ́ọ̀mù mi, ó ní, "Ahoro ni? Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó fi ìrònú wò ó díẹ̀, ó sì gbà, nítorí ó gbà mí gbọ́. Ó fi orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn fi máa dé, àwọn tó fẹ́ gbin igi ti gbé katakata dé etí bodè. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe? Wọ́n gé igi tó wà nílẹ̀, kí àyè lè gba igi tí wọ́n fẹ́ gbìn. Gawo, àbàfẹ̀, igi oṣè méjèèjì, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín. Mo máa ń rò ó pé ó yẹ kó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

N kò mọ̀ nígbà náà pé wọ́n ti débẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì, mo dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí po, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí fìlà funfun kan. Ó jókòó ti mai gadi lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku, ó gbé àpò kékeré kan lé orúnkún. Mo gbọ́ tó ń ṣàlàyé. Ó ní olórí abúlé ló júwe ọ́fíìsì wa fún òun, òun ń wá Bayarabe onífìlà, ọmọ dáadáa kan tó wá sí oko òun. Ó ní katakata ti wọ inú oko òun láti ìlà oòrùn, wọ́n ti gé ìdajì, wọ́n ní ìwé sọ pé ahoro ni. Ó ní àṣìṣe ni, torí ọmọ náà wà níbẹ̀, ó mu fura òun, ó rí gbogbo rẹ̀, òun sì ní kó kọ ọ́. Kó kàn tẹ̀ lé òun lọ sọ fún wọn ni. Ìdajì tó kù ṣì wà nílẹ̀.

Ìdajì ṣì wà nílẹ̀. Ẹ ṣáà gbọ́ mi. Kì í ṣe pé ó ti pẹ́ jù. Ká ní mo sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, ǹ bá gba ìdajì oko bàbá yẹn là.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo ṣí fìlà mi. Mo ká a, mo tì í bọ inú báàgì. Mo wá fi ẹ̀yìn rìn padà sókè, wẹ́rẹ́, bí olè, mo gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo gba àárín ìkòkò ìyá olóúnjẹ kọjá, ó ní, "Oga, wetin dey pursue you?" Mo wọ inú ọjà, mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa, mo ń fọwọ́ kan léèsì, mo ń béèrè irú aṣọ tí n kò fẹ́ rà, títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Ní ọjọ́ kejì, mo ní ibà ń ṣe mí. Ìyàwó mi po ẹ̀kọ fún mi. Ní ọjọ́ kẹta tí mo padà síbi iṣẹ́, mai gadi ní àlejò mi ti lọ. Ó sun mọ́sálásí lálẹ́ méjèèjì, ó ní èmi nìkan ni òun fẹ́ rí. Ó wá na àpò kékeré náà sí mi. Ó ní bàbá náà ní kí n pẹ̀lẹ́ o, òun gbọ́ pé ara mi ò yá. Kúkà ló wà nínú rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti sunkún. Mo gòkè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá wa láì fi ọ̀kan pamọ́. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nísàlẹ̀ ibí?" Mo ní ọjọ́ méjì ni, mà. Ó ní, "O tún ń bá mi ṣírò." Ó pe àwọn tó yẹ kó pè, ó kọ lẹ́tà, ó tilẹ̀ gbé ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó bá ilẹ̀ tó mọ́ lóló níbẹ̀, irú èyí tí bàbá mi fẹ́ràn. Wọ́n gbin igi sí i lóòótọ́, lẹ́sẹẹsẹ, nínú ọ̀rá dúdú. Kò sẹ́ni tó bomi rin ín. Kí òjò tó dé, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ, iyanrìn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wọn kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo fi í sílẹ̀, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ará ilé mi. Ìyàwó mi rò pé owó oṣù ló kéré.

Lónìí, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Sabon Gari, mo ń ya fọ́tò pélébé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nínú wọn, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Bàbá mi ti di ará ọ̀run. Dóńgóyárò ti hù sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Railway Quarters, ó ti ga ju òrùlé lọ, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń na aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Ní bí ọdún méjì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo pàdé Malam dírẹ́bà nínú ọjà. Mo fẹ́ yà, ó dì mí lápá mú. Ó ní òun lọ sí bodè, òun rí bàbá yẹn. Ó ti sọdá sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Nìjẹ̀, wọ́n bu ilẹ̀ fún un, ilẹ̀ tí kò ní igi kan, ó sì ti ń yan èéhù lórí kùkùté. Ní ọjọ́ orí rẹ̀ yẹn! Malam ní ó béèrè mi. Bàbá náà ní, "Shaidata, ẹlẹ́rìí mi yẹn, ṣé ara rẹ̀ ti yá?" Mo bi Malam pé kí ló wí fún un. Ó wo ojú mi, ó ní, "Mi ò sọ nǹkan kan. Ìwọ ló kọ ọ́, ìwọ ni kí o lọ sọ ọ́." Ó sì júwe ibẹ̀ fún mi, abúlé wo, ẹ̀gbẹ́ kànga wo, kò fi mí sílẹ̀ títí mo fi tún un sọ fún un lẹ́nu ara mi.

Àwòrán sátẹ́láìtì ò ṣòro rí mọ́ báyìí, ó wà lórí fóònù ọmọdé. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń ṣí i. Níhà tiwa, ojú kan ṣoṣo tó jẹ́ àwọ̀ ewé yẹn ti lọ, àwọ̀ èèpo ẹ̀pà ló kún ibẹ̀, ààlà wá dán gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á. Lókè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí Malam júwe, àmì kékeré kan wà. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo rí i. Ní báyìí, kò sẹ́ni tí kò ní rí i. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, mo mọ̀ pé bàbá náà ṣì wà láàyè, tàbí pé ọmọ rẹ̀ ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju ìrìn ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ lọ láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Mo mọ ọ̀nà, mo gbọ́ èdè, àpò kúkà kejì yẹn sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò jẹ́ kí wọ́n fi se nǹkan kan, n kò sì lè dà á nù. N kò tíì lọ. Bí mo ṣe ń wò ó lọ́jọ́ yẹn láti orí àtẹ̀gùn náà ni mo ṣì ń wò ó títí dòní, láti òkè, níbi tí kò ti lè rí mi.